Orin Ìyá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Iṣẹ́ orin ni mò ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin tí ènìyàn ń jó sí. Àwọn tó ń ṣe fíìmù kàtúùnù ló máa ń gbé iṣẹ́ wá bá mi ní yàrá kékeré kan tí mo háyà ní Yábàá, wọn á ní kí n fi orin sí i. Àwòrán á ti wà nílẹ̀, ẹnu àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ti máa mì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó láìsí orin, bí òkú ni gbogbo wọn rí. Èmi ni mo máa wá orin fún oníkálukú: èyí fún ọmọdé, èyí fún ọ̀tá rẹ̀, èyí fún ilé tó fi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Ọrùn ń dùn mí, etí mi ọ̀tún sì ti ń hó bí ìkòkò omi. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń darí fíìmù tuntun dá orin tí mo ṣe fún ìyá inú fíìmù rẹ̀ padà nígbà kẹta. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Ó dùn, àmọ́ kò jọ ìyá. Ó kàn jọ èèyàn dáadáa.” N kò bínú. Mo pa ẹ̀rọ, mo gbé orí lé tábìlì, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni ọdún tí ìyá tó bí màmá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìwáyà, ọdún tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí láìmọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni à ń gbé, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà láàárín tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Yàrá méjì ni tiwa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tí etí mi máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ayùn àwọn tó ń la pákó létí ọ̀sà, tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gálọ́ọ̀nù tí àwọn ọmọ ilé ń wọ́ nílẹ̀ lọ síbi omi. Èmi náà á dìde. Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ni tèmi kí n tó lọ sílé ìwé, màá gbá iwájú yàrá, màá fọ abọ́ àná. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò máa ń wọnú aṣọ ilé ìwé mi débi pé kò sí ọṣẹ tó ń mú un kúrò. Bàbá mi ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe níwájú ilé, nítorí náà ilé wa kì í dákẹ́: rédíò kan á máa sọ̀rọ̀, òmíràn á máa hó, bàbá mi á máa yí ìdí ẹ̀kẹta títí ohùn á fi jáde níbẹ̀. Màmá mi ń ta aṣọ ní ọjà Yábàá. Ìdájí ni wọ́n ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn á bọ́ bàtà, wọn á mú un dání bí ẹni pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Bí mo bá sáré lọ bá wọn, wọn á ní, “Mosún, jẹ́ kí n mí ná.” Màá dúró kí wọ́n mí. Lọ́jọ́ mìíràn, mímí yẹn máa ń pẹ́.

Àbúrò màmá mi ọkùnrin ló mú Ìyá Àgbà wá láti Ìjẹ̀bú, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ó ti wá ṣú tán pátápátá. Báàgì kan, ọ̀pá kan, àti ewùrà mẹ́rin nínú àpò ni gbogbo ẹrù wọn. Màmá mi kúnlẹ̀, wọ́n gba báàgì, wọ́n ní, “Ẹ kú ìrìn, Ìyá,” ó tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé oníbàárà ni wọ́n ń kí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe fún ìyá tí màmá mi kò ṣe. Wọ́n ń wẹ̀ fún Ìyá Àgbà láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà, wọ́n ń yọ egungun inú ẹja kí wọ́n tó gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n ń fi aṣọ tó rọ̀ tẹ́ ibùsùn wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í bá ìyá wọn tàkúrọ̀sọ. “Ìyá, ẹ jẹun.” “Ìyá, ẹ gbé ẹsẹ̀.” “Ìyá, omi rèé.” Ìyá Àgbà á dáhùn pé, “O ṣé, Fọlákẹ́,” yàrá á sì dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Mo lọ bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń jó wáyà mọ́ra wọn, mo béèrè bóyá màmá mi ń bá Ìyá Àgbà jà.

“Wọn ò jà,” ni bàbá mi wí. “Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ìyá ni màmá rẹ dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n mú un wá fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin kan ní Ìdó. Ibẹ̀ ló gbé títí mo fi fẹ́ ẹ.”

“Kí ni màmá mi ṣe tí wọ́n fi mú wọn wá?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

“Kí ló wá dé?”

Bàbá mi fẹ́ èéfín kúrò lórí wáyà náà. “Òun náà ń bi ara rẹ̀. Kò tíì bi Ìyá ni.”

Èmi ni wọ́n fi Ìyá Àgbà tì lọ́sàn-án. Bí mo bá ti tilé ìwé dé, màá bọ́ aṣọ, màá jókòó tì wọ́n. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ láìfọwọ́ kan nǹkan kan: wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n á máa gbọ́ bí mo ṣe ń rin ewùrà. “Ọwọ́ rẹ ti yá jù, ó ti ń di wóróworo.” “Omi yẹn ò tíì hó, ariwo lásán ló ń pa.” Wọn kì í purọ́ fún mi nípa ojú wọn. Wọ́n ní àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, wọ́n ní, “Èmi ò sunkún, n ò sì ríran. Ó ṣòro kéèyàn mọ èyí tó kàn láti ṣe.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, kò sì sí ẹkún. Ohùn ẹni tó ti rìn jìnnà, tó sì gbọ́ pé ọ̀nà ṣì kù, ni.

Ẹ̀rọ fídíò kan ló gbé fíìmù náà wọlé wa. Oníbàárà bàbá mi kan ló gbé e wá pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tó há sínú rẹ̀. Ó ní òun ń rìnrìn àjò, òun á wá gbé e bí òun bá dé. Bàbá mi tú u, wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe tán, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì kan náà dán an wò. Kàtúùnù ni. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nílé wa. Ìyá Rísí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Kútọnu rí, wò ó díẹ̀, ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé kì í ṣe Faransé. Bàbá mi ní mo lè máa wò ó bí iná bá wà, títí ẹni tó ni ín á fi dé. Ìtàn ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ni. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé lábẹ́ òkè kan. Ọkùnrin kan tó ń gbé iyọ̀ láti ìlú dé ìlú wá, ó so okùn mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ó mú un lọ. Ọmọ ń wẹ̀yìn. Ìyá dúró nídìí ọgbà, kò ké, kò sá tẹ̀lé e. Láti ibẹ̀ lọ, ìrìn ni ṣáá: òkè, òjò, afárá, ọjà, àti ẹyẹ kannakánná kan tó ń tẹ̀lé wọn kó lè jí oúnjẹ wọn.

Mo gbà pé iṣẹ́ mi ni láti máa sọ ohun tí mò ń rí fún Ìyá Àgbà. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọn ò tilẹ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ọkùnrin oníyọ̀ yẹn ti dé.”

“Mo mọ̀. Ó ti dé kó o tó sọ ọ́.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Òun ló ni fèrè olóhùn wúwo yẹn, èyí tó ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù. Ọmọ ló ni fèrè kékeré tó ń ta kiri. Olè kan wà níbẹ̀ tó ni igi tí wọ́n ń gbá pé kẹ́kẹ́kẹ́.”

“Ẹyẹ ni, Ìyá Àgbà.”

“Ẹyẹ ni, ìyẹn ni n ò mọ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé olè ni. Ìyá ló ni èyí tí wọ́n ń fà nísàlẹ̀, bíi gòjé tó ti dàgbà. Orin yẹn ń pe orúkọ gbogbo wọn. O ò gbọ́ ọ torí ojú rẹ ń pariwo jù.”

Lọ́jọ́ kejì mo di ojú mi. Ó ṣòro. Nígbà tó tó bí ìgbà karùn-ún tí a wò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Mo gbọ́ pé orin ọmọ náà kò yí padà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ló ń yí: nígbà tí ó bá ń ṣeré, ó ń fò, nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, orin kan náà ni, àmọ́ ó ń já láàárín bí ẹni tí èémí rẹ̀ kúrú. Mo gbọ́ pé ọkùnrin oníyọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ojú mi kò sọ ìyẹn fún mi, torí ojú rẹ̀ le láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, pàṣán kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ló gbá mi lẹ́sẹ̀ níbi tí oníyọ̀ àti ọmọ náà ti ń sá fún òjò lábẹ́ afárá. Wọ́n ní, “Gbọ́. Ta ló ń fọn orin ọkùnrin yẹn nísinsìnyí?” Mo gbọ́, fèrè kékeré ni. Orin oníyọ̀ ti bọ́ sẹ́nu fèrè ọmọ. Wọ́n ní, “Wọ́n ti mọ ara wọn lójú. Kò ní nà án mọ́.” Lóòótọ́, kò nà án mọ́. Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó kàwé púpọ̀ lórí orin fíìmù láti ìgbà náà, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé, pé orin lè mọ ohun tí àwòrán kò tíì mọ̀, pé ó lè yí èèyàn padà nínú ìtàn láìjẹ́ pé ẹni náà la ẹnu. Mo máa ń mi orí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì kan ní Ìwáyà ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin tí kò rí fíìmù kankan rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí òjò kò jẹ́ kí ọjà ó tà, màmá mi sì tètè dé. A ò mọ̀ pé wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà. A ti dé ibi tó ń dùn mí jù, ibi tí ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ti ṣubú lórí òkè pẹ̀lú àpò iyọ̀ lẹ́yìn, tí kò lè dìde. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Oníyọ̀ ti lọ wá omi. Àwòrán náà kò ní nǹkan kan ju òkúta àti ọmọ náà. Nígbà náà ni ohùn olókùn tó dà bíi gòjé yẹn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ìyá Àgbà ní, “Ìyá rẹ̀ ti dé.”

Mo ní, “Kò sí níbẹ̀, Ìyá Àgbà. Òkúta nìkan ló wà níbẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀. Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?”

Ohùn màmá mi ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. “Kò sí níbẹ̀, Ìyá.” Wọn ò pariwo. Omi òjò ń kán láti etí gèlè wọn sí ilẹ̀. “Orin nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá jókòó sílé.”

Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ náà gbé orí sókè, ó fi orúnkún dìde, ó ń lọ. Màmá mi bọ́ bàtà, wọ́n kọjá lọ sí yàrá kejì. Mo rò nígbà náà pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jàre. Ọmọdé máa ń fẹ́ kí ẹnì kan jàre. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, tí mo ti fi orin ìyá sí àwòrán tí ìyá kò sí bí ìgbà ogún, mo mọ̀ pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Orin á mú ẹni tí kò sí wá, á sì tún jẹ́ kó dá ọ lójú pé kò sí. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń rẹni.

Bàbá mi rí i pé orin ti wọ̀ mí lára. Wọ́n hú kíbọọ̀dù kékeré kan jáde láti inú àwọn àlòkù ẹ̀rọ wọn, wọ́n tún un ṣe títí ó fi dún, àyàfi bọ́tìnì mẹ́rin nínú rẹ̀ tí kò dún mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá orin fún àwọn ará ilé. Ti Ìyá Rísí rọrùn, ó sáré, ó sì ń padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ti bàbá mi jẹ́ ohùn kan ṣoṣo tí mo ń tẹ̀ léraléra títí á fi bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ìyá Àgbà á gbọ́, wọ́n á dárúkọ ẹni náà, wọ́n á ní kí n tẹ òmíràn. Ti màmá mi ni kò jáde. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá a. Mo tẹ ohùn wúwo méjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe máa ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí wọ́n bá ń tọjà bọ̀. Ìyá Àgbà tẹ́tí sí i dáadáa.

“Ìrìn rẹ̀ nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe òun.”

“Kí wá ni òun?”

Ìyá Àgbà ní, “Bi ẹlòmíràn. Èmi kọ́ ni mo tọ́ màmá rẹ dàgbà.”

Kásẹ́ẹ̀tì náà kò ní ìparí. Ẹnì kan ti gba nǹkan mìíràn lé ibi tó kù. Ibi tí tiwa dúró sí ni pé ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti dàgbà, ó ń gun òkè kan tó jọ òkè ilé wọn, a ò sì mọ̀ bóyá òkè ilé wọn ni. Fèrè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin tirẹ̀ ló ń fọn. Orin ìyá rẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀, láìfo ibì kankan. Ó dé orí òkè, ó fẹ́ wo ìsàlẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n á di funfun, ariwo ìdìje bọ́ọ̀lù kan á sì gba ibẹ̀. Mo bi Ìyá Àgbà bóyá ó bá ìyá rẹ̀ nílé. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Wọ́n ní ohun tí orin sọ kò ju pé ọmọ náà ti kọ́ orin ìyá rẹ̀ tán, ibi yòówù kó ti kọ́ ọ. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí màmá mi dé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ti mí tán, mo sọ fún wọn pé fíìmù wa kò ní ìparí, pé a ò mọ̀ bóyá ọmọ náà rí ìyá rẹ̀. Mo rò pé wọn ò ní mọ ohun tí mò ń sọ.

“Tó bá rí i, kí ló máa sọ fún un?” ni màmá mi wí. “Orin tó ń kọ bọ̀ yẹn gan-an, inú ló ń bí i. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe le tó nígbẹ̀yìn.”

Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ní àwọn ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ sí yàrá kejì, tí a rò pé wọ́n ń sùn, wọ́n ń gbọ́. Mo tún ibẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ kejì. Òótọ́ ni. Fèrè náà le. Èmi àti Ìyá Àgbà ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, a ò gbọ́ ìbínú inú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹni tó ni ẹ̀rọ dé láti ìrìn àjò rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ó gbé ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì lọ. Mi ò tún rí fíìmù náà mọ́ di òní.

Nígbà tí mo gbé orí kúrò lórí tábìlì lóṣù tó kọjá, mo pa gbogbo ohun dídùn inú orin tí ọmọbìnrin yẹn dá padà rẹ́. Mo yọ àwọn fèrè, mo yọ agogo. Mo fi ohùn olókùn kan ṣoṣo sílẹ̀ nísàlẹ̀, mo jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, kó dúró kó mí, kó tún bẹ̀rẹ̀, mo sì jẹ́ kó le díẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń retí pé kó rọ̀. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. N kò sọ ibi tí mo ti rí i fún un. Ó máa gba àlàyé, àárẹ̀ àlàyé sì wà lára mi.

Èyí tí n kò lè fi sínú orin kankan ṣẹlẹ̀ ní òpin ọdún tí Ìyá Àgbà dé, lọ́jọ́ Sátidé tí gbogbo ìlú máa ń jókòó sílé láàárọ̀ láti tún àyíká ṣe. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, ọjà kò gbọdọ̀ ṣí, nítorí náà màmá mi wà nílé. Ọwọ̀ ń dún káàkiri àdúgbò, àwọn ọkùnrin ń kó ẹrẹ̀ jáde nínú gọ́tà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Màmá mi gbé Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọ irun wọn. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ibẹ̀. Wọ́n da omi, wọ́n fi ọṣẹ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka họ ọ́. Wọn ò dá iṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n béèrè.

“Ìyá, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?”

Ìyá Àgbà kò béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti jókòó de ìbéèrè náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, bóyá kó tiẹ̀ tó dìgbà náà.

“Bàbá rẹ kú, ẹ̀yin mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún mi,” ni wọ́n wí. “Oúnjẹ ẹnì kan kò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ránṣẹ́ láti Ìdó pé òun á gba ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń ṣàìsàn. Àbúrò rẹ ṣì ń mu ọyàn. Mo wo ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mú èyí tó le jù. Mo ní, èyí, ibi tí mo bá sọ ọ́ sí, kò ní kú.”

Ìka màmá mi dúró nínú irun wọn. “Torí pé mo le.”

“Torí pé o le.”

“Ẹ ò wá wò mí.”

“Mo wá lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró sódìkejì títì, mo rí ọ tó o pọn omi, aṣọ rẹ mọ́, o ti sanra. Mo ní bí mo bá pè ọ́, o ò ní jẹ́ kí n lọ, èmi náà ò sì ní lè lọ. Mo padà sí ibùdókọ̀.” Omi ọṣẹ ń ṣàn sí wọn lójú, wọn kò nù ún. “Kò dáa, Fọlákẹ́. N ò sọ pé ó dáa. O bi mí, mo sọ ọ́.”

Mo rò pé màmá mi á sunkún, tàbí pé wọ́n á bínú, wọ́n á ju korobá sílẹ̀. Wọn ò ṣe ọ̀kankan. Wọ́n bu omi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú orí Ìyá Àgbà kí ọṣẹ má baà wọ ojú tí kò ríran mọ́, wọ́n ṣan irun náà títí ó fi mọ́. Wọ́n mú táwẹ́ẹ̀lì. Wọ́n nù ún gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń nù ún ni wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé mo dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà kí n lè gbọ́.

“Ó rẹ̀ mí, Ìyá. Líle yẹn, ó ti rẹ̀ mí.”

“Mo mọ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Mò ń gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ lójoojúmọ́ tó o bá ń tọjà bọ̀.”

Màmá mi mú Ìyá Àgbà lọ́wọ́, wọ́n jọ wọlé. Ọdún mẹ́ta ni Ìyá Àgbà tún lò lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó kú, n kò sì ní purọ́ pé ilé wa di ilé ẹ̀rín láti ọjọ́ náà. Màmá mi ṣì jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí ìdáhùn kì í tún ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí rìn padà, tí àwọn oníṣòwò yòókù ti ń sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, màmá mi kò lọ sọ́jà. Mo se ẹ̀wà jiná, mo bu ú sí abọ́, mo gbé e lọ sí yàrá. Màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò, orí wọn wà lórí itan Ìyá Àgbà, wọ́n sì sùn lọ fọnfọn. N kò tíì rí i kí màmá mi sùn lọ́sàn-án rí. Ẹnu wọn là díẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó gbọingbọin, wọn ò mi ẹsẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé màmá mi léjìká. Níta, bàbá mi ń yí ìdí rédíò kan, ó ń hó, ó ń súfèé.

Ìyá Àgbà gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n gbé ìka sókè.

“Lọ sọ fún bàbá rẹ kó pa rédíò yẹn,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi ń sùn.”